Píánò Tí Mo Rà Fún Ọwọ́ Ọ̀tún Dúpẹ́

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Orí àga ike tó wà níwájú ilé ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ dáadáa, àwọn ará ilé sì ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú mi. Mo ní kí wọ́n máa lọ, mo ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò lè sọ fún ẹlòmíràn bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún yín, torí ẹlòmíràn á ní mo ti ń yangàn jù. Ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ta ni mo tún fẹ́ lọ bá bí kì í bá ṣe ìyá mi?

Ọ̀rọ̀ Dúpẹ́ ni, àbíkẹ́yìn yín.

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé ara mi le. Mo ṣì wà ní ilé iṣẹ́ tí a ti ń ṣe korobá àti abọ́ ike ní Ìkẹjà, kò jìnnà sí ibi tí ẹ ti ń di bisikíìtì sínú ọ̀rá nígbà ayé yín. Wọn ò ṣe bisikíìtì níbẹ̀ mọ́, ẹrù ni wọ́n ń kó síbẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn kọjá láàárọ̀, imú mi ṣì máa ń wá òórùn bọ́tà àti ṣúgà tó máa ń bá aṣọ yín wálé. Èmi àti Dúpẹ́ á máa gbóòórùn aṣọ iṣẹ́ yín bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀, ẹ̀yin á sì máa lé wa pé kí ẹ kọ́kọ́ rí ibi jókòó ná.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń kọrin ní ibi ìdáná? Ohùn áàtò nìkan lẹ máa ń kọ, torí ohùn tiyín nínú ẹgbẹ́ akọrin nìyẹn. Àwa ò mọ̀. A rò pé bí orin yẹn ṣe ń lọ nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mú wa sínú ẹgbẹ́ akọrin ọmọdé, a la ẹnu, a gbé áàtò yín sókè, gbogbo àwọn ọmọ yòókù ń kọ nǹkan mìíràn, ọ̀gá akọrin sì ń wò wá bíi pé ṣọ́ọ̀ṣì ẹlòmíràn la ti wá. Dúpẹ́ sunkún délé. Ẹ̀yin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Láti ìgbà náà lẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa ní do, re, mi, tí ẹ ó máa fi ìka lù ú sí wa léjìká bí orin bá ṣe ń lọ. Èmi ò gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀. Dúpẹ́ gbọ́ ọ. Kó tó wọ ilé ìwé girama ló ti lè ṣí ìwé orin kó sì kọ orin tí kò gbọ́ rí láyé rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, ó di olùkọ́ ní ilé ìwé aládàáni kékeré kan ní Agége, nítòsí ojú irin. Ó fẹ́ Akin, ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe, ọmọ jẹ́jẹ́ kan báyìí, wọ́n sì gba ilé sí apá Abúlé Ẹ̀gbá. Nǹkan ń lọ dáadáa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń kọ ìwé sójú pátákó, ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ kó mú un, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò dá a lóhùn. Kí àwọn olùkọ́ yòókù tó sáré dé, ó ti wà nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Rọpárọsẹ̀ ni wọ́n pè é, Màámi, ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Òun náà ló mú yín lọ. Ẹ ò lè mọ bí ọkàn mi ṣe rí nígbà tí wọ́n pè mí níbi iṣẹ́. Mo gun ọ̀kadà lọ sí ọsibítù, mi ò rántí ọ̀nà tí a gbà débẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mò ń sọ nínú mi ni pé kí ẹ má tíì gbà á. Ẹ dárí jì mí bí mo ṣe bá yín sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọlọ́run ṣàánú wa. Ẹnu rẹ̀ padà sípò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń wọ́ ọ díẹ̀ bó bá ti rẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni kò padà. Ó kàn wà níbẹ̀ ni, ó tutù, ìka rẹ̀ ká wọnú ara wọn. Dúpẹ́ á fi ìbòrùn bò ó bíi pé ó jí i níbì kan. Ọwọ́ òsì ló fi ń jẹun, bí àlejò bá sì wọlé, á gbé abọ́ sílẹ̀, á ní òun ti yó. Nígbà tó yá, kò fẹ́ kí àlejò wá mọ́ rárá. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá kí i, ó kọjú sí ògiri. Èyí tó dùn mí jù ni pé kò kọrin mọ́. Ẹ̀yin mọ Dúpẹ́. Ǹjẹ́ ẹ ti rí i rí kó máa fọ abọ́ láìkọrin?

Akin ṣe ọkọ. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń di irun nítorí rẹ̀, ó sì ń dì í wọ́gọwọ̀gọ, apá kan nípọn, apá kejì tẹ́ẹ́rẹ́. Dúpẹ́ á kàn jókòó síbẹ̀. Ká ní ara rẹ̀ yá ni, ì bá ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Dókítà kan wà ní ọsibítù, obìnrin kékeré kan, tó máa ń bá àwọn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí na apá na ẹsẹ̀ kí iṣan wọn lè jí. Físíò ni wọ́n ń pe irú wọn. Ó fún Dúpẹ́ ní bọ́ọ̀lù kékeré kan kó máa fi ọwọ́ ọ̀tún fún un. Ó ní kó máa ṣa ẹ̀wà láti inú abọ́ kan sí òmíràn. Dúpẹ́ gbìyànjú ẹ̀wà yẹn fún ìgbà díẹ̀, ó wá fi ọwọ́ òsì gbá abọ́ méjèèjì dànù. Ó ní ìyà ọmọdé ni wọ́n fi ń jẹ òun. Nígbà tí a tún padà sí ọsibítù, obìnrin físíò yẹn pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bá mi sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ọwọ́ wọn ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ bá mi wá nǹkan tí ọwọ́ yẹn fúnra rẹ̀ á fẹ́ ṣe."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri. Níbi iṣẹ́, bí korobá ṣe ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, mò ń rò ó. Kí ni ọwọ́ Dúpẹ́ fẹ́ràn? Ìwé kíkọ ni, àmọ́ ìwé kíkọ gan-an ni kò lè ṣe mọ́, kò sì fẹ́ rí bírò sójú. Aṣọ rírán, kò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Mi ò rí nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kan tí a jáde níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án, mo gbé fóònù mi lọ sí ọjà àwọn oníkọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, ojú rẹ̀ ti fọ́. Ẹni tó ń tún un ṣe ní kí n fún òun láyè díẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun èlò orin ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà nítorí òòrùn, kì í ṣe nítorí pé mo fẹ́ ra nǹkan. Mo kàn rí àwọn píánò lórí pẹpẹ ni, kékeré, ńlá, mo sì rántí ìka yín léjìká wa. Màámi, ó dà bíi pé ẹnì kan fi ọwọ́ tì mí wọlé. Àbí ẹ̀yin ni?

Ọmọbìnrin kan ló ń tajà níbẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ohunkóhun pamọ́, pé ẹni tí mo fẹ́ rà á fún ò lu píánò rí, pé ọwọ́ kan ò ṣiṣẹ́, pé mi ò lówó rẹpẹtẹ, mi ò sì fẹ́ èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó fi àwọn ńlá hàn mí, èyí tí ṣọ́ọ̀ṣì ń rà, ó ní kí n gbàgbé wọn, pé wọ́n wúwo, wọn ò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí iná. Ó wá gbé ọ̀kan wá láti ẹ̀yìn. Kò fẹ̀ jù, èèyàn lè gbé e lé itan. Wọ́n dìídì ṣe é fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ni. Ó ń lo iná, ó sì ń lo bátìrì bí iná bá lọ, ó sì ní àpò tí wọ́n fi ń gbé e kọ́ èjìká. Owó rẹ̀ ò ju agbára òṣìṣẹ́ bíi tèmi lọ.

Ohun tó wá mú mi rà á nìyí. Ọmọbìnrin yẹn ní kí n fi ìka tẹ ọ̀kan nínú àwọn ibi funfun tí wọ́n ń pè ní kíì. Ó ní kí n rọra tẹ̀ ẹ́. Ohùn jáde jẹ́jẹ́. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú agbára, ohùn náà le. Ó ṣàlàyé pé àwọn tí kò wọ́n rárá kì í ṣe bẹ́ẹ̀, bí èèyàn tẹ̀ wọ́n jẹ́jẹ́, bó tẹ̀ wọ́n líle, ọ̀kan náà ni, àmọ́ èyí máa ń gbọ́ bí agbára ọwọ́ ṣe tó. Mo dúró síbẹ̀, mo ń ronú pé bí agbára bá ń padà sínú ọwọ́ Dúpẹ́ díẹ̀díẹ̀, etí rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ mọ̀.

Mo wọ bọ́ọ̀sì BRT, mo gbé e lé itan dé Abúlé Ẹ̀gbá bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Inú mi ń dùn. Mo ti rí i lọ́kàn mi bí Dúpẹ́ ṣe máa kí mi. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí mo dé. Mo ṣí páálí náà níwájú rẹ̀. Ó wò ó, ó wò mí.

"Bọ̀dá mi, ọwọ́ tí kò lè mú ṣíbí lẹ ra píánò fún?"

Akin wo ilẹ̀. Mo ti páálí padà, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ́dúróòbù, mo ní mo fẹ́ tètè lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Lójú ọ̀nà, mo bi ara mi pé ṣé mo ti fi ọgbẹ́ kún ọgbẹ́ rẹ̀ ni. Ká ní ẹ̀yin ni, kí lẹ ò bá ti ṣe? Ẹ ò bá ti jókòó tì í ni, àbí ẹ ò bá ti jáde bíi tèmi?

Píánò wà nínú páálí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Akin ń gbé aṣọ tó ti lọ̀ lé e lórí. Mi ò béèrè rẹ̀ mọ́.

Ohun tó wá gbé Dúpẹ́ dìde máa pa yín lẹ́rìn-ín. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà ní òpópónà kejì sí tiwọn. Ẹni tó ń lu kíbọ́ọ̀dù níbẹ̀ máa ń wá dán orin wò lọ́sàn-án Sátidé kí ọjọ́ ìsinmi tó dé. Orin kan wà tó fẹ́ràn, orin tí gbogbo wa mọ̀, ibì kan sì wà nínú rẹ̀ tó máa ń ṣì tẹ̀ nígbà gbogbo. Á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, bó bá ti débẹ̀, á tẹ fa níbi tó yẹ kó gbé e sókè díẹ̀ sí i. Á tún padà, á tún ṣì í. Dúpẹ́ ń gbọ́ ọ látorí bẹ́ẹ̀dì. Sátidé kan, ó gbọ́ ọ. Sátidé kejì, ó tún gbọ́ ọ. Ó sọ fún mi pé ó dà bíi kí ẹnì kan máa fi abẹ́rẹ́ gún òun ní ojú kan náà. Inú bí i débi pé ó dìde, ó fi ẹsẹ̀ gbá aṣọ orí páálí dànù, ó fi ọwọ́ òsì àti eyín ya páálí náà, ó gbé píánò sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń wá ibi tí ohùn yẹn wà gan-an. Akin lọ síbi iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó wà nílé tó lè gbọ́ ọ. Ó fẹ́ fi han ara rẹ̀ lásán ni pé òun jàre.

Ó rí i. Kíì dúdú kan ni. Ó wá bẹ̀rẹ̀ orin náà látòkè, ìka òsì kan ṣoṣo, ó ń wá ohùn kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá owó ẹyọ nínú yanrìn. Ìgbà tó dé àárín ló tó mọ̀ pé áàtò lòun ń tẹ̀. Áàtò yín, Màámi. Ó ní òun bú sẹ́rìn-ín, òun nìkan nínú yàrá, lẹ́yìn náà òun sunkún, lẹ́yìn náà òun gbé ọwọ́ ọ̀tún kúrò nínú ìbòrùn, òun gbé e lé orí píánò, òun sì ní kó tẹ nǹkan kan.

Kò tẹ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Kò tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Àmọ́ Dúpẹ́ ò dá a padà sínú ìbòrùn mọ́. Á gbé àtàǹpàkò lé kíì, á wò ó, á máa bá a sọ̀rọ̀, Akin á sì máa rìn jẹ́jẹ́ káàkiri ilé bíi pé ọmọ kan ń sùn. Mo wà níbi iṣẹ́, a ń jẹun ọ̀sán, nígbà tí fóònù mi dún. Akin ló pè, kò lè sọ̀rọ̀, ó kàn gbé fóònù fún ìyàwó rẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ó ti dún."

Ó ní kí n tẹ́tí. Mi ò gbọ́ nǹkan kan, torí ariwo ẹ̀rọ wa pọ̀. Mo sáré jáde sí ẹ̀gbẹ́ géètì, mo fi ọwọ́ di etí kejì. Mo gbọ́ ọ, tín-ín-rín, bí ohùn ẹ̀fọn. Ohùn kan ṣoṣo. Mo jókòó sórí òkúta ẹnu géètì, mo sọ fún ẹni tó ń ṣọ́nà pé ó kàn rẹ̀ mí ni.

Ọ̀rọ̀ wá yí padà. Obìnrin físíò náà ní kí Dúpẹ́ máa gbé píánò wá sí ọsibítù, ó sì kọ́ ọ bó ṣe máa jókòó, bí ọrùn ọwọ́ kò ṣe ní wó sílẹ̀, bí ìka kọ̀ọ̀kan ṣe máa dá ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Lórí fóònù ni Dúpẹ́ ti ń wo fídíò àwọn tó ń kọ́ni ní píánò. Àtàǹpàkò ló kọ́kọ́ jí, ìka ìfábẹ̀lá tẹ̀ lé e, ìka àárín wá dé. Bí ohùn bá jáde le díẹ̀ ju ti àná lọ, á pariwo pe Akin. Ìka méjì tó kù ò tíì jí tán títí di òní, nítorí náà ó ti dá ọgbọ́n bí àwọn mẹ́ta ṣe máa ṣiṣẹ́ àwọn márùn-ún, wọ́n ń sá lórí kíì bí ọmọ tó ń fò lórí òkúta odò. Inú rere Ọlọ́run ni pé iná tí wọ́n ń mú lọ ládùúgbò wọn ò dí i lọ́wọ́, bátìrì ló ń lò.

Nítorí àwọn aládùúgbò, ó ń lo íàpíìsì sétí. Alhaja kan ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wọn, ó kan ilẹ̀kùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀rù ba Akin pé ìjà dé. Alhaja ní òun wá béèrè ìdí tí orin fi dákẹ́ ni. Ó ní òun máa ń gbé aṣọ tí òun fẹ́ lọ̀ sí abẹ́ fèrèsé wọn, òun ó máa gbọ́ ọ, pé kí Dúpẹ́ jọ̀wọ́ yọ nǹkan yẹn kúrò létí. Láti ọjọ́ náà, ohùn tòun náà ti ń ti ìsàlẹ̀ wá bí Dúpẹ́ bá tẹ orin tó mọ̀.

Àmọ́ èyí tí mo fẹ́ yangàn lé lórí jù ni ti ilé ìwé. Nígbà tí Dúpẹ́ rò pé òun ti lè padà sí iṣẹ́, ó lọ rí ọ̀gá ilé ìwé. Wọ́n ti gba olùkọ́ mìíràn sí kíláàsì rẹ̀. Obìnrin náà ò ṣe é ní ìkà, ó kàn sọ òótọ́ fún un pé kò sí kíláàsì tí òun lè fún ẹni tí kò lè kọ̀wé sójú pátákó. Dúpẹ́ ò bẹ̀ ẹ́, kò sunkún. Ó sọ àpò kúrò léjìká, ó gbé píánò lé orí tábìlì ọ̀gá náà, ó ní kí wọ́n fún òun ní ìtò òwúrọ̀, ìgbà tí àwọn ọmọ máa ń tò kọrin kí wọ́n tó wọ kíláàsì, fún ọ̀sẹ̀ kan péré, bí kò bá wúlò, òun ò ní padà wá. Mo bi í pé níbo ló ti rí ìgboyà yẹn. Ó ní òun ò mọ̀. Èmi mọ̀. Èmi rántí obìnrin kan tó wọ ọ́fíìsì máníjà ilé iṣẹ́ bisikíìtì nítorí àwọn obìnrin tí wọ́n fẹ́ dá dúró nítorí pé wọ́n lóyún. Ẹ̀yin ò ṣe bí akọni nígbà tí ẹ dé sílé lọ́jọ́ yẹn, ẹ kàn ní kí n bá yín gbé omi sórí iná.

Ọ̀sẹ̀ kan yẹn ò tíì parí tí ọ̀gá ilé ìwé fi sọ Dúpẹ́ di olùkọ́ orin gbogbo ilé ìwé náà, láti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn dé àwọn tó fẹ́ wọ girama. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan ló ń wọ̀, pẹ̀lú píánò rẹ̀ léjìká. Kẹ̀kẹ́ ló ń gbé e lọ, kẹ̀kẹ́ ló ń gbé e bọ̀.

Lópin ọdún ẹ̀kọ́, wọ́n ṣe ayẹyẹ fún àwọn ọmọ tó ń jáde. Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, nítorí náà mo dúró sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àwọn òbí kún abẹ́ kánópì fọ́fọ́. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá ń pariwo débi pé àyà mi ń gbọ̀n. Ó kan àwọn ọmọ Dúpẹ́, wọ́n tò síwájú, òun jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú píánò lórí tábìlì kékeré. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ orin ni iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ kọ̀, kò jí. Gbogbo ẹ̀rọ ńlá náà kú. Ẹni tó ń darí ètò mú makirofóònù tó ti kú dání, ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Dúpẹ́ ò dúró. Píánò rẹ̀ ń bá orin lọ, àmọ́ ohùn rẹ̀ kéré sí ariwo náà. Mo rí i tó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó fi í tẹ afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí àwọn ọmọ. Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. Ó tún fi í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, títí wọ́n fi ń kọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sétí ara wọn. Àwọn tó wà níwájú dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́, àwọn tó wà láàárín dákẹ́, àwọn tó wà lẹ́yìn náà dákẹ́. Màámi, ní Agége, ní ọ̀sán gangan, ó dákẹ́ débi pé mò ń gbọ́ ìka mẹ́ta àbúrò mi bí wọ́n ṣe ń bọ́ sórí kíì. Ọ̀wọ́ ọmọ kan ń kọ ohùn òkè, ọ̀wọ́ kejì ń kọ áàtò, wọ́n wọnú ara wọn láìkọlu ara wọn. Ohun kan tó máa ń dùn mí ni pé kò sẹ́nikẹ́ni nínú wa tó gba ohùn yín sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ kankan nígbà tí ẹ wà. Lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ tí ẹ ò mọ̀ rí ń kọ ọ́ jáde.

Nígbà tí wọ́n parí, àwọn òbí dìde. Bàbá kan tó dúró tì mí bi mí bóyá mo mọ olùkọ́ yẹn.

"Ọmọ ìyá mi ni," mo dá a lóhùn.

Èmi náà wá ń pàtẹ́wọ́.

Ó ku ẹyọ kan, kí n tó jẹ́ kí ẹ sinmi. Obìnrin físíò bẹ Dúpẹ́ pé kó máa wá bá òun ní ọsibítù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀wẹ̀sì bíi tirẹ̀. Dúpẹ́ gbà. Èmi ni mo sìn ín lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bàbá bíríkìlà kan wà níbẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ àwọn aláìlera, èèyàn gìrìpà kan, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí itan rẹ̀ bí ẹrù ẹni ẹlẹ́ni. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún wa pé láti ìgbà tí àìsàn náà ti dé, kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan apá náà, kì í sì í dáhùn ìkíni. Dúpẹ́ ò bá a jiyàn. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ hàn án, pẹ̀lú ìka méjì tí kò tíì jí. Bàbá náà wo ọwọ́ yẹn pẹ́. Dúpẹ́ wá gbé píánò lé e lórí itan, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tó wúwo náà, ó tẹ́ ẹ sórí àwọn kíì, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Kò sọ fún un pé kó ṣe nǹkan kan. Òun náà jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń dúró.

A dúró títí. Mo ti ń rò pé ká máa lọ. Ohùn kan jáde, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ẹnì kan mí.

Bàbá náà gbé ojú sókè, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo Dúpẹ́, ó wá la ẹnu tó ti dì fún ọjọ́ pípẹ́.

"Ṣé èmi ni mo tẹ èyí?"

Dúpẹ́ ní bàbá fúnra wọn ni, pé kí wọ́n tún un tẹ̀.

Ẹ sùn re, Màámi. Ọmọ tí ẹ bí dára.

Èmi ni, àkọ́bí yín, tó fẹ́ràn yín jù bó ṣe mọ̀ ọ́n sọ lọ.